Káàdì Àwòrán Tí Kum Fi Ránṣẹ́

Kí Tihomir tó sọ ọ̀rọ̀ tó sọ sí kum rẹ̀, káàdì àwòrán lásán ni wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó yẹ ká rántí ìyẹn, nítorí nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún di ńlá, àwọn aládùúgbò rò pé ilẹ̀ ni wọ́n ń jà sí, tàbí obìnrin.

Nílùú Niš ni Tihomir ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa tún àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè ilé alájà gíga ṣe. Bí ẹ̀rọ bá há sójú ọ̀nà, tí ìyá àgbà kan wà nínú rẹ̀ tòun ti àpò ata rẹ̀, Tihomir ni wọ́n ń pè. Kì í pẹ́ tí ìyá náà á fi bọ́ sílẹ̀, tí á máa ṣàdúrà fún un. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti kọ́ ọ ní ìgbéraga kan tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun ní: kò gbà pé ẹnikẹ́ni wà láyé tó lè kọ́ òun ní ohunkóhun tó bá ti ní wáyà nínú.

Kum rẹ̀ ń jẹ́ Radoje. Radoje ló dúró tì í ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tó gbé Jasna níyàwó, òun ló gbé ọmọbìnrin wọn fún ìrìbọmi tó sì sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tí kum ń ṣe nìyẹn. Èèyàn lè bá arákùnrin rẹ̀ jà kó sì tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í bá kum jà. Láti ọjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, àwọn méjèèjì ò pe ara wọn lórúkọ mọ́. Kum lọ́tùn-ún, kum lósì ni, tí ẹni tó bá gbọ́ wọn lórí fóònù á fi rò pé ẹnì kan ló ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Kragujevac ni Radoje ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà sì jìn díẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kálukú á jókòó sílé rẹ̀, á gbé hẹ́dífóònù wọ etí, wọ́n á sì jọ máa wa ọkọ̀ ogun nínú gẹ́ẹ̀mù. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà mìíì, ara wọn gan-an ni wọ́n ń yìnbọn lù. Ṣùgbọ́n láàárín ìbọn yẹn ni wọ́n ti ń sọ gbogbo ohun tí ọkùnrin méjì kì í lè sọ síra wọn lójúkojú. Ibẹ̀ ni Radoje ti gbọ́ pé bàbá Tihomir ti kú. Ó gbé ọkọ̀ ogun rẹ̀ dúró gbagidi sáàárín pápá, kò yìnbọn mọ́, kò sì sá, títí tí àwọn ọ̀tá fi dáná sun ún.

Nígbà tó yá, gẹ́ẹ̀mù tuntun jáde, kọ̀ǹpútà Tihomir ò sì lè gbé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara kọ̀ǹpútà tuntun jọ díẹ̀díẹ̀, ó ra èyí lónìí, ó ra tọ̀hún lọ́la, títí tó fi ku káàdì àwòrán nìkan, pátákó pẹlẹbẹ olófáànù tó ń ya gbogbo ohun tí ojú ń rí nínú gẹ́ẹ̀mù. Níbẹ̀ ni orí rẹ̀ ti dàrú.

"Wo méjì yìí fún mi," ó gbé fóònù síwájú Jasna ìyàwó rẹ̀.

"Èwo ló dúdú jù nínú wọn?"

"Dúdú kẹ̀? Ṣé aṣọ ni mo fẹ́ rà ni?"

"Ó dáa, mi ò mọ̀. Bí o ṣe ń wò wọ́n láti ọjọ́ yìí, àfi bí ẹni ń wá ìyàwó kejì."

Káàdì kékeré kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, tuntun nínú páálí, tòun ti ìwé pé bó bá bàjẹ́, olùtajà á gbà á padà. Kò burú, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n. Àwọn àlòkù náà wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ńláńlá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wọn ń bani. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé inú gáréèjì ni wọ́n máa ń to káàdì bẹ́ẹ̀ sí, wọ́n á máa fi wa owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń wa góòlù, tọ̀sán tòru láìsinmi. Bó bá ti gbó tán, wọ́n á nù ún mọ́ tónítóní, wọ́n á sì tà á fún ẹni tí ò fura.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Radoje dá sí i. "Kum, má lọ ra nǹkan ìranù ní ṣọ́ọ̀bù o. Gẹ́ẹ̀mù tuntun yìí á gùn ún pa. Èmi fẹ́ ra òmíì, mú tèmi."

"Ṣé tìẹ ò tíì gbó?"

"Ìwọ náà ti gbó, Jasna ò sì tíì dá ẹ padà."

Tihomir rẹ́rìn-ín. "Àbí o ti fi wa owó rí?"

"Kí ni mo fẹ́ fi wa owó ṣe, kum? Gẹ́ẹ̀mù nìkan ni mo fi í ṣe. Ìwọ gan-an wà níbẹ̀. Gbogbo ìbọn tí mo yìn lu ìdí ẹ, òun ló yà á."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan iye tó máa san, Radoje ní ta ló ń gbowó lọ́wọ́ kum. Ohun tó fẹ́ ni rakija, ọtí líle èso plọ́ọ̀mù tí bàbá Tihomir fọwọ́ ara rẹ̀ pọn kó tó kú. Ìwọ̀nba ìgò díẹ̀ ló ṣẹ́kù, Tihomir kì í sì í ṣí i fún àlejò. Ọ̀dọ̀ bàbá náà ni àwọn méjèèjì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọn ọtí nígbà tí wọn ò tíì ní irùngbọ̀n. Bí Radoje ṣe sọ pé ó wu òun, omi fẹ́ẹ́ bọ́ lójú Tihomir.

Jasna nìkan ni ò fara mọ́ ọn. "Ra ti ṣọ́ọ̀bù," ó ní. "Bó bá bàjẹ́, wàá gbé e padà lọ bá wọn, wàá pariwo, wàá gba òmíì. Bí ti kum bá bàjẹ́, ta lo fẹ́ lọ pariwo mọ́?"

"Kò ní bàjẹ́."

"Mi ò sọ pé ó máa bàjẹ́. Mo ní ta lo fẹ́ pariwo mọ́?"

Ti kum ni Tihomir yàn. Ó kó ìgò mẹ́ta fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń lọ Kragujevac, bọ́ọ̀sì kan náà ló sì gbé káàdì ọ̀hún padà, tí Radoje fi súẹ́tà àtijọ́ kan wé bí ẹni wé ọmọ tuntun.

Radoje ti kìlọ̀ fún un pé kó má kánjú. Slava Tihomir, ọjọ́ ẹni mímọ́ ìdílé rẹ̀, kù sí dẹ̀dẹ̀, Radoje á sì wá bó ṣe máa ń wá lọ́dọọdún. Ó ní kí wọ́n jọ tò ó lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ara Tihomir ò gbà á. Ó kó gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, ó ń tò ó, ó ń fọnu súfèé.

"Ìwé kan wà nínú páálí yìí o," Jasna wí. "Wọ́n ní kéèyàn kà á."

"Àwọn tí ò mọ̀ ọ́n ṣe ni wọ́n kọ ọ́ fún."

Nígbà tó tò ó tán, ó gbé e tì sára ògiri, ó ki ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀ láìwò ó, ó sì ki wáyà tó wá láti ojú kọ̀ǹpútà bọ ihò òkè, níbi tó ti ń kì í sí nínú gbogbo kọ̀ǹpútà tó ti ní rí. Iná tàn. Àwòrán yọ. Ṣùgbọ́n bí gẹ́ẹ̀mù ṣe bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ogun ń fà bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn: ó gbẹ́sẹ̀, ó dúró, ó tún gbẹ́sẹ̀. Tihomir fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Fáànù ara káàdì náà ò yí rárá. Ó dúró gan.

Ó pe Radoje. "Kum, nǹkan yìí ti kú o."

"Kú báwo?"

"Fáànù rẹ̀ ò yí."

"Fáànù rẹ̀ kì í yí bí kò bá ríṣẹ́ ṣe. Ihò wo lo ki wáyà ojú rẹ̀ bọ̀?"

"Ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀ ni."

"Jọ̀ọ́, wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi."

Inú bí Tihomir. Òun, tó jẹ́ pé bí kì í bá ṣe òun, ìdajì Niš á máa fẹsẹ̀ gùnkè, òun ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè ọmọ jéléósinmi. "Mo ti wò ó," ó wí. Kò wò ó. Ó jókòó sórí àga tó wà, kò tiẹ̀ yíjú.

"Kò burú, kum," Radoje wí. "Jẹ́ kó dìgbà slava."

Láti ọjọ́ yẹn ni Tihomir ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìrokúrò. Ó ka ìtàn àwọn tí wọ́n ta òkú káàdì fún lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ ló sì dà bíi tirẹ̀. Ó rántí pé Radoje ò bá a jiyàn, ó ní ẹni tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ì bá jiyàn. Ó rántí rakija bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ slava pé. Wọ́n tan àbẹ́là, àlìkámà sísè wà lórí tábìlì, búrẹ́dì náà wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń wọlé. A kì í pe èèyàn sí slava. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà ilé rẹ, tó sì rí i pé àyè òun wà níbẹ̀, á wá fúnra rẹ̀. Radoje wá. Ó wọ kóòtù dúdú rẹ̀, ó fẹnu ko kum rẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ nígbà mẹ́ta, ó fi kóòtù náà kọ́ sẹ́yìn àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ baálé ilé, ó jókòó. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ní àṣírí kan.

Wọ́n ti ń jẹun lọ nígbà tí Gvozden, àgbàlagbà aládùúgbò wọn, ju ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. "Tihomir, kọ̀ǹpútà tuntun tí o ń yangàn sí ńkọ́?"

"Ẹ bi kum mi," Tihomir dáhùn. "Òkú ẹṣin táwọn tó ń wa owó íńtánẹ́ẹ̀tì ti gùn pa ló fi gba rakija bàbá mi lọ́wọ́ mi."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àpárá ni. Radoje pàápàá rẹ́rìn-ín. Ká ní ó dúró síbẹ̀, ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ló tún dá kún inú tó ń bí Tihomir.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín," ó ní. "Ká ní bàbá mi wà láàyè, olè ni ì bá pè é."

Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́, ó sì ti fọ́. Radoje gbé ife rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó dìde, ó kọjú sí àbẹ́là, ó fi àmì àgbélébùú sára. "Kí ẹni mímọ́ ilé yìí gbè yín," ó wí. Nígbà tó ń wọ kóòtù rẹ̀, nǹkan kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé yọrí lápò rẹ̀, ó sì fọwọ́ tì í padà. Ó jáde. Jasna sá tẹ̀ lé e dé ìsàlẹ̀ ilé, òun nìkan ló padà gòkè.

Kò pẹ́ sígbà náà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì Kragujevac gbé páálí kan wá. Rakija bàbá ló wà nínú rẹ̀, ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ti ṣí ọ̀kan, ṣùgbọ́n ohun tó dín nínú rẹ̀ ò ju ife kékeré kan lọ, èyí tí èèyàn máa ń dìde dúró mu ní ìrántí òkú. Tihomir rí i, ó sì mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ṣì le nígbà náà. Kò dá káàdì padà. Ó ní kó wà níbẹ̀ kó máa jẹ́rìí.

Ìgbà òtútù kọjá. Nígbà tí oòrùn yọ, Jasna ní àwọn gbọ́dọ̀ kun ilé. Wọ́n gbé tábìlì kọ̀ǹpútà kúrò lára ògiri. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, Jasna ló tún so wáyà padà, nítorí ọwọ́ Tihomir kún fún ọ̀dà.

"Wáyà yìí ò dé òkè mọ́," ó ké láti ẹ̀yìn tábìlì. "Ihò kan wà nísàlẹ̀ tó jọ ọ́, mo ti kì í síbẹ̀."

"Kò sí ohun tó kàn án. Òkú ni."

Nígbà tí Tihomir tàn án, ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́ẹ̀mù láìní ìdí kan, bí èèyàn ṣe máa ń fọwọ́ kan ojú egbò. Ó kọ́kọ́ gbọ́ ìró kan tí kò gbọ́ rí. Fáànù ni. Fáànù káàdì náà ń yí. Pápá là lójú rẹ̀, koríko ń mì lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ ogun sì ń yọ̀ lọ geere bí ẹni pé ó ti ń dúró dè é.

"Kí lo ṣe?" ó bi Jasna.

"Kí ni mo ṣe? Ṣé mo bà á jẹ́ ni?"

"Rárá. O tún un ṣe ni."

Jasna wò ó, ó wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó sì jókòó sórí àkàbà tí wọ́n fi kun ilé. "Tiho," ó ní, "ṣé kì í ṣe ohun tí kum bi ẹ́ nìyẹn?"

Òun ni. Ihò òkè ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni, èyí tí kì í gba ọ̀dọ̀ káàdì kọjá; ihò ìsàlẹ̀ ni ti káàdì. Láti ọjọ́ tí káàdì ti dé, kò sẹ́ni tó fún un níṣẹ́ ṣe. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó jókòó síbẹ̀, Tihomir sì ń pè é ní òkú. Àbámọ̀ mú un débi pé kò lè gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì. Wọ́n ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Tihomir ò tiẹ̀ ní ọ̀tọ̀kùlú kankan, àfi ìyàwó rẹ̀ lórí àkàbà.

"Pè é," Jasna wí.

"Kí n ní kí ni?"

"Pé ọ̀dẹ̀ ni ẹ́."

Ó gbé fóònù, ó gbé e sílẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ojú gbogbo èèyàn ló ti bú u, níbẹ̀ náà ló sì fẹ́ ti tọrọ àforíjì, ohun tó ń sọ fún Jasna nìyẹn: Radoje á wá ní slava, òun á sì dìde níwájú Gvozden àti gbogbo wọn, òun á kó ọ̀rọ̀ òun jẹ.

"Bí kò bá wá ńkọ́?"

"Mi ò lè pè é. A kì í pe èèyàn sí slava."

Èmi ò ní í gbè é lẹ́yìn níbí o. Ojo ló ń fi àṣà bojú. A kì í pe èèyàn sí slava lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló sọ pé a kì í bẹ èèyàn lọ́jọ́ Tuesday?

Slava dé. Tihomir fi àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Nígbà tí Gvozden fẹ́ jókòó síbẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹnì kan ló ni ín." Gbogbo ìgbà tí aago ẹnu ọ̀nà bá dún, á dìde. Àwọn èèyàn jẹ, wọ́n mu, wọ́n mu kọfí, wọ́n lọ. Jasna pa àbẹ́là pẹ̀lú ọtí wáìnì bó ṣe yẹ, ó sì ti àga náà wọ abẹ́ tábìlì.

Ẹni mímọ́ ìdílé Radoje ni Jovan Mímọ́, oṣù January ni ọjọ́ rẹ̀, òun sì ni ẹni mímọ́ tó ń ṣọ́ àárín kum àti kum. Tihomir mọ̀ pé wọn kì í lé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà slava, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀tá. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó fi ìgò tí wọ́n ti ṣí sínú àpò. Ó ń rò ó pé àwọn méjèèjì á jọ mu ìyókù tán.

Radoje ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti hewú díẹ̀ sí i. Wọ́n wo ara wọn.

"Káàbọ̀, Tihomir," ó wí.

Tihomir fẹ́ẹ́ bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin yìí rí.

Wọ́n gbà á bí ó ṣe yẹ. Wọ́n gbé àlìkámà fún un, ó tọ́ ọ wò. Wọ́n bu wáìnì. Radoje gba ìgò rakija lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ẹ̀bùn àwọn àlejò yòókù wà. Ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ jókòó lórí àga ẹ̀gbẹ́ baálé ilé. Wọ́n fi Tihomir sápá ibi ilẹ̀kùn, ibi tó dáa, tí kò sí ohun téèyàn lè sọ sí i.

Ó dìde. "Ẹ̀yin èèyàn, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ—"

"Jókòó," Radoje fohùn jẹ́jẹ́ dá a dúró. "A kì í rojọ́ níwájú àbẹ́là. Wá bá mi gbé abọ́."

Ilé ìdáná ni wọ́n ti dá wà. "Wáyà ni," Tihomir wí. "Ihò tí mo kì í sí ni. Káàdì rẹ dáa. Ó dáa gan-an ni."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Ọjọ́ tí o ní fáànù ò yí ni mo ti mọ̀. Mo bi ẹ́, o ní o ti wò ó. Mo wá ní kò burú, mo ra wáyà tuntun kan sápò kóòtù mi. Mo ní bí àwọn àlejò bá lọ tán, màá kì í bọ ihò tó yẹ, màá sì sọ fún ẹ pé wáyà àtijọ́ yẹn ló ti já nínú." Ó ṣí ìkòkò. "Ojú ẹ ò ní í tì ẹ́, mo mọ bí o ṣe rí."

Tihomir rántí nǹkan tó yọrí lápò kóòtù lọ́jọ́ náà, tí ọwọ́ sì tì í padà. "Dárí jì mí, kum," ó wí. "Nítorí Jovan Mímọ́."

"Mo ti dárí jì ẹ́. Ó ti pẹ́."

"Pè mí ní kum, nígbà náà."

Radoje ń bu sarma, ẹran tí wọ́n fi ewé kábéèjì wé, sínú àwo, ọ̀kan, òmíì, ó sì rọra da ọbẹ̀ lé e lórí. Kò bínú. Tihomir wojú rẹ̀ dáadáa, ó ń wá ìbínú níbẹ̀, nítorí ìbínú ṣeé bẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí i.

"Mo gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn tí mo rí ẹ," Radoje wí. "Kò wá sẹ́nu mi." Ó gbé àwo náà lé e lọ́wọ́. "Wá jẹun, Tihomir. Ó ń tutù."

Tihomir gbé àwo náà tẹ̀ lé e padà sídìí tábìlì, ó jókòó sápá ibi ilẹ̀kùn, ó sì jẹ ẹ́ tán, nítorí a kì í kọ oúnjẹ slava.